Awò tí Mo Fẹ́ Fi Wo Ìbíyẹmí

Awò ìràwọ̀ tí mo nawọ́ sí gùn tó igi àgbọn mẹ́ta tí wọ́n tò léra. Bàbá Aláwò tó ń tà á gbá mi lọ́wọ́.

"Fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ ni kó o wò, kì í ṣe gígùn! Ta lo fẹ́ máa wò?"

"Ìràwọ̀ ni, Bàbá."

"Irọ́! Òfin ni: ẹni tó o bá fẹ́ yọjú wò lórí òṣùpá gbọ́dọ̀ gbà kí n tó tà á fún ọ."

Mo jẹ́wọ́. Ìyàwó mi ni, Ìbíyẹmí, tó fi ìbínú kó lọ sí òṣùpá lésìí. Omijé mi ọjọ́ náà bo afárá Ọ̀ṣun mọ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá pè é lórí ẹ̀rọ, ó dárúkọ mi fún un. Ìbíyẹmí jágbe:

"Jọláadé? Ẹ má tà á fún un! Èmi ti ra tèmi. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó, kò sunkún rí. Ijó ló ń jó lórí òrùlé!"

Bàbá ti awò mọ́ inú àpótí. Mo fìbínú jáde. Òṣùpá ọ̀sán wà lókè, ó funfun bí ẹfun. Mo na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i: "Ìyá ẹ!"

Ẹ̀rọ Bàbá ké láti inú ṣọ́ọ̀bù: "Mo rí i o! Ìyá tìẹ náà!"