Ẹ̀rọ Géèmù Tí Wiryo Kọ̀ Láti Dà Nù

Endah kó ẹ̀rọ géèmù mẹ́ta tó ti kú sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ké pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ratih, ẹni tó ń kó àlòkù ti ń bọ̀ o!"

Wiryo, ọkọ náà, gbá ọ̀kan mọ́yà.

"Máàkì mi wà nínú èyí! Ní gbogbo àdúgbò, ta ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi rí?"

Bu Sumi, ìyá Endah, nìkan ló gbè é.

"Endah, fi sílẹ̀. Ohun iyì ni."

Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Wiryo. Àna rere!

Ó so wáyà kan tó já. Ẹ̀rọ tàn!

Ipò kìíní: Bu Sumi.

Ìkejì: Bu Sumi.

Ìkẹta: Bu Sumi.

"Màámi! Ẹ̀yin kẹ̀?" Wiryo kígbe.

Bu Sumi ń jẹ ìpápánu kérúpùkù rẹ̀ lọ.

"Ìgbà tó o bá lọ síbi iṣẹ́ nìkan ni, ọmọ mi. Máa wo ìsàlẹ̀, wàá rí tìrẹ."