Àbẹ́là Tí Kì Í Kú

"Kí ìjì ayé para pọ̀ fẹ́ ẹ, àbẹ́là tèmi ò ní kú láéláé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, alábẹ́là, ohun tí mo fẹ́ rà ni…"

"Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ kọ́, ẹ fẹ́ ẹ wò!"

Oṣù mẹ́ta rèé tí ẹnikẹ́ni ò ra ẹyọ kan. Bí oníbàárà yìí bá tún lọ lófo, iṣẹ́ parí, ìkòkò ìda yóò padà di ìkòkò ọbẹ̀.

Oníbàárà fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bíi bọ́ọ̀lù. Iná ò ṣẹ́jú. Alábẹ́là fi abẹ̀bẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Iná ò ṣẹ́jú. Ló bá bẹ́ sí ijó.

"Mélòó ni kí n dì?"

Oníbàárà mí kanlẹ̀. "Orí kéèkì ọjọ́ ìbí màmá mi ni mo fẹ́ ẹ fún. Wọ́n pé àádọ́rùn-ún ọdún, àwọn ló sì máa fẹ́ ẹ pa."