Ọ̀rọ̀ Méjìlá Adéọtí

Ọjọ́ ìbí Adéọtí kò lè kọjá kí àpò owó inú ẹ̀rọ, tó wà lára ògiri ilé ìdáná rẹ̀, má bi í ní ìbéèrè kan náà. Òfin ni. Yìnyín ìlú òyìnbó tó ń gbé ń já bọ́ lẹ́yìn fèrèsé nígbà tí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

“Màmá, ẹ kú ọdún o. Ọ̀rọ̀ méjìlá tí ẹ fi ti àpò yín, ṣé ẹlòmíràn wà láàyè tó mọ̀ ọ́n? Bó bá wà, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ lónìí.”

Wọ́n ní kí olúkúlùkù jẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun ṣa ọ̀rọ̀, Adéọtí kọ̀ jálẹ̀. Oríkì ọlọ́rọ̀ méjìlá tí ìyá ìyá rẹ̀ fi ń kì í nílùú Ìlá, bí òun bá ti kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ló fi ti àpò náà. Ọdọọdún ló ń purọ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ òun. Oyèdòkun àbúrò rẹ̀ mọ̀ ọ́n láìku ẹyọ kan. Bó bá pè é lọ́jọ́ ìbí, á ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tètè fowó ẹmu ránṣẹ́ o! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa kì yín láàárín ọjà, kí olè gbọ́!” Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín títí.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n sin Oyèdòkun.

“Kò sí,” ni Adéọtí wí. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.

“Ẹ kú oríire, Màmá. Ààbò àpò yín ti pé pérépéré.”

Ó rọra kúnlẹ̀ síbi fèrèsé, ó fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rọ má baà gbọ́, ó sì ki ara rẹ̀.