Àṣẹ Adájọ́ Fẹ̀hìntọlá

Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà Làmídì kí Adájọ́ Fẹ̀hìntọlá tó dé. Ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìjọba fi ń ṣọ́ ìlera gbogbo ará ìlú ti ń tan iná pupa lọ́wọ́ ọkùnrin náà láti òwúrọ̀, ẹ̀gbà náà ń sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Àṣẹ adájọ́ nìkan ló kù kí ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

"Ìyàwó ẹ̀ tó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń bá sọ̀rọ̀, mà," ni Sàfùrátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ."

Adájọ́ jókòó ti Làmídì. "Ṣé ó ń dá ọ lóhùn?"

"Rárá, mà. Mo mọ̀ pé kò lè dáhùn mọ́."

"Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ?"

"Ta ló máa wá bọ́ àwọn ewúrẹ́ ìyàwó mi?"

Adájọ́ gbé ẹnu súnmọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ Làmídì, ó bá a sọ̀rọ̀. "Ọ̀fọ̀ ló ṣe é, kì í ṣe wèrè. N kò fọwọ́ sí i."

"Ewu wà níbẹ̀," ni ẹ̀gbà dáhùn.

"Mo gbọ́. Èmi ni adájọ́."

Ọkọ̀ yí padà lófìfo. Adájọ́ ní kí Sàfùrátù má fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan, òun yóò padà wá lọ́la. Ìgbà náà ni Làmídì tó sunkún ikú ìyàwó rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbá a mọ́ra.