Íńkì Pupa Bàbá Kọ́mà

Àṣìṣe mọ́kàndínlógún ni Bàbá Kọ́mà rí nínú ìwé tí ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé síwájú rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Ó fi íńkì pupa yí wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé bíírò sílẹ̀ nígbà tó dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn.

"Ìyá mi," ó ní, "kí ló ṣe ọ́?"

"Ó rẹ̀ mí ni, Bàbá."

"Ó rẹ̀ ọ́ débi pé o gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọkọ gbẹ́ ilẹ̀ etí odò? Ọkọ ta ni? Ta ló yá wọn?"

Ọmọ wo ìwé náà. Àmì orí ọkọ́ ni kò sí níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ìjọba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó rí àṣìṣe kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Ó dá ìwé òfin kan dúró fún ọjọ́ méjì gbáko nítorí kọ́mà kan ṣoṣo, orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fún un nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ jogún iṣẹ́ náà, àmọ́ kò ní ọ̀gá kan pàtó. Orí tábìlì ìjẹun ló ti ń ṣe é, fún ọ́fíìsì tó bá gbé iṣẹ́ wá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì á kọ̀wé nípa omi abẹ́ ilẹ̀, èéfín, ìdọ̀tí àti igbó tó ń kú lọ, òun á sì tún un ṣe kó lè yé ará ìlú. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún tó kọjá, bàbá sì kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún yìí ni ọmọ bẹ bàbá pé kó máa bá òun fojú kejì wo iṣẹ́.

"O ṣeun tí o bẹ̀ mí," ni bàbá wí. "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni."

Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ó fi bíírò tọ́ka sí ìlà kan. "Wò ó. Níbí, wọ́n ní kí kànga jìnnà sí ihò ilé ìgbẹ́ ní mítà mẹ́ta. Nínú àtẹ, ọgbọ̀n ni. Èèyàn lè kú sáàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn. Bí ọ́fíìsì bá rí irú èyí lọ́wọ́ rẹ, wọn ò ní gbé iṣẹ́ fún ọ mọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí wọ́n bá ti jẹun àárọ̀ tán ní Ọjọ́bọ̀, bàbá á wẹ ọwọ́, á nu awò ojú rẹ̀, á sì jókòó bí ẹni tó fẹ́ dájọ́. Ọmọ á jókòó síwájú rẹ̀, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wo ibi tí bíírò náà ń lọ. Mẹ́rìndínlógún ni bàbá rí ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó yá, ó di mọ́kànlá.

"Ó ń dín kù," ni bàbá wí. "Oorun lo nílò. Fi abọ́ sílẹ̀, màá fọ̀ ọ́."

Ó fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Tó bá ti wọ yàrá lọ, ọmọ á tún un fọ̀.

Ní ọjọ́ kan, bàbá jáde lọ ra bíírò pupa. Aládùúgbò ló mú un padà wálé ní ọ̀sán, aládùúgbò náà ní oòrùn ti pa á. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àṣìṣe mẹ́jọ ló rí.

Ọ̀gá obìnrin kan láti ọ́fíìsì tó ń mójú tó omi wá gbé iṣẹ́ tuntun fúnra rẹ̀. Bàbá dìde, ó ṣí fìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe ọmọ mi," ó ní. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ má gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀, èmi fúnra mi ni mò ń kà á."

Ọ̀gá náà wo ọmọ. Ọmọ ń wo ilẹ̀.

"A gbọ́, Bàbá," ni ọ̀gá náà wí. "A ó máa ní sùúrù."

Nígbà tí ọmọ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti kọjá aago méjì ọ̀sán kí bàbá tó dé ìparí ojú ewé méjìlá. Ó ka àwọn ibi tó yí ká. Ó tún wọn kà. Ó pàtẹ́wọ́.

"Mẹ́rin! Ìyá mi, mẹ́rin péré! Àní mo ti ń bẹ̀rù pé mi ò ní fojú mi rí i. Láìpẹ́, o ò ní nílò mi mọ́."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá." Ọmọ kúnlẹ̀, ó gbé orí lé eékún bàbá.

"Kí lo wá ń sunkún sí? Ọjọ́ ayọ̀ nìyí." Bàbá ń fọwọ́ pa á lórí. Kò pẹ́ tí ọwọ́ náà dúró, ó ti sùn lọ lórí àga.

Ọmọ rọra dìde, ó gbé ìwé náà lọ sí yàrá ìdáná, ó sì jókòó, ó ń ka àwọn tí bàbá kò rí: mẹ́rìndínlógún, nínú ogún àṣìṣe tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sínú ẹ̀dà bàbá ní gbogbo Ọjọ́rú, lẹ́yìn tó bá ti fi èyí tó mọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì.