Ìdáhùn Inú Páìpù

Àwa púlọ́mbà ní àṣà kan: ẹni tó bá fẹ́ tú páìpù á kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnìkejì rẹ̀ lókè á sì kàn án lẹ́ẹ̀kan, pé òun ti gbọ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo kan páìpù ìdọ̀tí ilé ahoro kan. Ìdáhùn dún lẹ́ẹ̀kan: kò! Mo gbà pé Lásísì, ẹnìkejì mi, ni. Mo fi sípánà tú èdídí irin tó há sẹ́nu páìpù náà. Bó ṣe ń tú ló ń fún padà. Inú bí mi.

“Lásísì, kí ló ń ṣe ẹ́? Fi páìpù sílẹ̀!”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì gòkè o,” ló dáhùn lẹ́nu géètì. “Sípánà ńlá ni mo lọ yá.”

Mo fà sẹ́yìn. Páìpù dún láti inú: kò, kò, kò. Èdídí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra rẹ̀.