Igbá Eruku Mẹ́ta tí Àwòdì Gbé Dé

Àlọ́ mi fẹ́ bí ọyẹ́, ó bà lé Àwòdì. Ó ti fọ́nnu pé òun á bu eruku aṣálẹ̀ mẹ́ta wálé. Kò dé ọ̀kankan, ojú sì ń tì í.

Ó gbé igbá mẹ́ta kalẹ̀: eruku pupa, funfun, dúdú. Ìlú ní kí Ìyá Ikán tọ́ wọn wò, torí ẹnu rẹ̀ mọ eruku tó níyọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó nírin.

“Eruku, níbo lo ti wá?”
“Ẹnu Ikán ló mọ̀!”

Ìyá Ikán tọ́ wọn wò: lábẹ́ ẹfun, lábẹ́ èédú tí Àwòdì pò mọ́ wọn, irin kan náà ló bá, irin ilẹ̀ ìlú wọn. Kò tú àṣírí. Ó rọra sọ sí Àwòdì létí pé, “Ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ lo ti bù wọ́n. Ṣé o tiẹ̀ yà kí i?”